Gàrí Nínú Aṣálẹ̀

Òórùn gàrí Ìjẹ̀bú tí mò ń dì sínú ọ̀rá gbé mi padà sí pálọ̀ wa ní Dagenham, lọ́sàn-án ọjọ́ tí bàbá mi tẹ́ máàpù sílẹ̀. Wọ́n ń fi òwú ìránṣọ wọn ọ̀nà tí a máa fẹsẹ̀ rìn láàárín àpáta aṣálẹ̀.

“Ìdájí la máa gbéra. Ike omi mẹ́ta lẹ́nì kan.”

Ìyá mi gbé gàrí lé máàpù. “Ẹ fi èyí kún un.”

“Ìyá Títí, nínú aṣálẹ̀? Gàrí á mu omi wa tán!”

A rẹ́rìn-ín títí. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé bàbá mi ò ní ìwé tí wọ́n lè fi padà wọ ìlú òyìnbó yìí tí wọ́n bá jáde. A ò lè lọ nígbà náà.

Ìwé náà ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ báyìí; ọ̀la lèmi àti bàbá mi máa wọ bàálù lọ sí aṣálẹ̀ náà. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n má gbàgbé gàrí.