Ẹ Ṣí I Ká Rí I

Bí mo bá gbọ́ òórùn ẹyin tútù títí dòní, ilé ìwòsàn kan ní Ìkàrẹ́ ni ọkàn mi ń lọ. Ẹyin ni àwọn aládùúgbò fọ́ sí ọrùn àti apá àbúrò ìyá mi lọ́jọ́ tí ìkòkò epo gbígbóná dà sí wọn lára níbi tí wọ́n ti ń se epo pupa ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Kí ọkọ̀ tó dé Ìkàrẹ́, ẹyin náà ti gbẹ mọ́ ẹran ara, eṣinṣin sì ti bá wa wọkọ̀ láìsanwó. Àwọn nọ́ọ̀sì fọ̀ ọ́ títí. Ìyá Elépo, bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè wọ́n, di irin bẹ́ẹ̀dì mú, wọn ò sunkún.

Dókítà pe àwa mọ̀lẹ́bí jọ. Ó ní awọ ara ni ògiri tí kì í jẹ́ kí àrùn wọlé, iná sì ti wó ògiri náà. Èyí tó tún burú ni pé àwọn ọmọ ogun inú ara, tí ì bá lé àrùn jáde, ti ja ìjà àjàkú akátá látìgbà tí iná ti jó Ìyá Elépo, agara sì ti dá wọn jákèjádò ara, kì í ṣe ní apá nìkan. Ó ní, “Ẹ má tú báńdéèjì yìí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń wúkọ́ sún mọ́ wọn.” Gbogbo wa mi orí. Alájì, ẹ̀gbọ́n Ìyá Elépo, ló mi tiwọn jù.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń kí aláìsàn lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí kò bá wá, ọ̀tá ni. Ẹni tó bá wá tí kò rí egbò, kò tíì kí. Kí ni yóò ròyìn délé? Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Ọ̀kà, láti Etioro, àní láti Àjọwá, pẹ̀lú búrẹ́dì àti ọsàn, wọ́n ń na ọrùn. “Alájì, ẹ ṣí i ká rí i.” Alájì á wẹ̀yìn bóyá nọ́ọ̀sì ń bọ̀, wọ́n á ká apá agbádá wọn sókè, wọ́n á sì tú báńdéèjì náà bí oníṣòwò tó ń tú ìdì léèsì. Òórùn kan á yọ, tó dùn lọ́nà tó ń rínilára, bí ẹran bíbàjẹ́ tí wọ́n da oyin sí. Àwọn àlejò á di imú, wọ́n á sì tún sún mọ́ ọn. Obìnrin kan tiẹ̀ fi ìka tẹ ibi tó ń ṣomi wò, bíi pé ó fẹ́ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Mo rán Alájì létí ohun tí dókítà sọ.

“Yunifásítì, o tún dé. Ṣé ojú ló ń kó àrùn ranni?”

Alájì wúkọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ yẹn kan náà dá báńdéèjì padà.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n tún kó èrò wọlé, Ìyá Elépo lajú. “Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ ara ni wọ́n fẹ́ wò, ẹ bọ́ agbádá yín.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Alájì náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ṣí i.

Kò pẹ́ tí ibà mú Ìyá Elépo. Ikọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà èémí bẹ̀rẹ̀ sí í há. Dókítà ní àrùn ti wọ ẹ̀jẹ̀, ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró, kò sì sí ohun tó kù nínú ara tó lè bá a jà. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ìyá Elépo kú. “Iná jó apá, ikọ́ ló pa á,” ni Alájì ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá bá wa kẹ́dùn. “Ọwọ́ ayé ni.” Wọ́n sì tún wúkọ́.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹnìkan tí kò ráyè dé ilé ìwòsàn béèrè bí egbò náà ṣe rí. Alájì ká apá agbádá wọn sókè, wọ́n sì fi ìka tọ apá tiwọn, tó ń dán fún òróró, láti ọrùn ọwọ́ títí dé èjìká. Àwọn èèyàn na ọrùn láti wò ó. Mo fi ìrẹsì tó wà níwájú mi sílẹ̀, mo sì dìde.

Lónìí, bí mo bá lọ kí aláìsàn, ojú fèrèsé ni mo ń dúró sí. Màá pè é lórúkọ, màá gbé ọbẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, màá sì máa lọ. Wọ́n ní ìwé ló kọ́ mi ní ìgbéraga. Mo ti rí ìfẹ́ tó ń tú báńdéèjì. Ìgbéraga mi yìí tẹ́ mi lọ́rùn.