Fáìlì Ọ̀sẹ̀ Kan Tí Kò Fẹ́ Jáde

Bí ẹ bá fún Ìyá Sítọ́ọ̀ ní omi, ìdí ife ni yóò kọ́kọ́ wò kó tó mu ún. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, iṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń ṣọ́ yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀yà ara mọ́tò sí ní gáréèjì bọ́ọ̀sì ìjọba, ó sì ti rí olóòótọ́ ènìyàn tó fi púlọ́ọ̀gì pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀. Ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé òun kì í rọ́ àlá òun fún un, kó má baà bi òun pé ta ni ẹlẹ́rìí.

Oyún Ìyá Sítọ́ọ̀ ṣì wà nínú ìyá rẹ̀ nígbà tí ogun gbé bàbá rẹ̀ lọ. Mẹkáníìkì àgbà ni bàbá náà nínú ikọ̀ kan tó ń lo táǹkì, àwọn ọkọ̀ ogun onírin ńláńlá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, ikọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣègbé tán ní pápá. Ní ọdún yìí ni ẹgbẹ́ àwọn ológun àtijọ́ wá ń mọ ògiri kan tí wọn yóò kọ orúkọ àwọn tó kú lọ́jọ́ náà sí. Wọ́n kọ̀, wọn kò kọ ti bàbá rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kan sọ pé alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló ti sá lọ, àfi tí ọmọ rẹ̀ bá lè mú ẹ̀rí wá kí oṣù tó parí pé ó wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe obìnrin yìí ní ọmọ ẹni tó sá lójú ogun, ó sì dùn ún dé egungun. Ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó dágbére fún ìyá rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ó forí lé ilé tí àwọn ológun ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí.

Wọ́n gba báàgì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gba bírò rẹ̀, wọ́n fún un ní pẹ́ńsùlù. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú ara fu ú. Yàrá ìkàwé náà rí tóóró, irin wà lójú fèrèsé rẹ̀, baba kan tó ń wọ súwẹ́tà nínú ooru ló ń gbé fáìlì wá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà ogun ni pé láràárọ̀, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan á fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá lókè: táǹkì mélòó ni wọ́n ní, mélòó nínú wọn ló lè rìn. Mẹkáníìkì àgbà ní í fọwọ́ sí i. Èyí ò ṣòro fún un láti lóye, torí bọ́ọ̀sì pọ̀ ní gáréèjì tiwọn náà tó jẹ́ pé ẹyẹ ló ń sùn nínú wọn. Nígbà tó rí ìfọwọ́sí bàbá rẹ̀ nínú fáìlì àkọ́kọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò tíì rí ohunkóhun tí ọwọ́ bàbá náà kọ rí.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló yọjú, àfi ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ja ìjà ọjọ́ náà. Baba ní ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń di ìwé. Nígbà tó tún bèèrè, ó ní òjò ló pa á. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ìwé kan ṣoṣo, àìsàn mẹ́ta. Ìyá Sítọ́ọ̀ ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ó kọ́kọ́ rò pé rìbá ni baba ń wá. Ó tún rò pé ó ń bo àṣírí ọ̀gágun kan. Ó ṣí jókòó síbi tó ti lè máa wò ó tọwọ́ tẹsẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí i pé baba kì í tilẹ̀ wo orí pẹpẹ kó tó sọ pé fáìlì ò sí. Ó kọ ìwé ẹ̀sùn sí ọ̀gá rẹ̀, ó ká a sápò, pé tí ilẹ̀ bá ti mọ́ òun á fà á lé e lọ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bó ṣe fẹ́ jáde, baba ní, "Ẹ bá mi kí màmá o. Ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀?"

Ìyá Sítọ́ọ̀ yíjú padà sí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn pé òun ní ìyá, ká má tíì sọ orúnkún. Ó ní ó ti fúyẹ́, ó jáde. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé: ó ti ń gbọ́ òwe yìí tipẹ́, ṣùgbọ́n kò rò ó rí pé ìyá òun ni òun máa fi wé.

Ó bá ìyá náà níbi tó ti ń fi òróró ra orúnkún.

"Màmá, níbo lẹ ti mọ baba tó ń tọ́jú ìwé àwọn ológun?"

Ìyá dé ìgò òróró. "Jókòó."

Kò jókòó. Ìyá wá sọ fún un pé ó ti pẹ́ tí òun ti lọ ka fáìlì náà, òun sì bẹ baba yẹn pé bí òun bá ṣì wà láyé, kó má gbé e fún ọmọ òun kankan. Ọjọ́ tí Ìyá Sítọ́ọ̀ gba ìsinmi ni òun ti pe baba náà lórí fóònù láti rán an létí.

"Bàbá rẹ ò sá," ìyá ní. "Ó wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó fọwọ́ síwèé. Ó kọ ọ́ pé táǹkì mẹ́sàn-án ló lè rìn. Mẹ́ta péré ló lè rìn lóòótọ́."

Ó ní àwọn ọ̀gá ló fi dandan mú un pé kó kọ mẹ́sàn-án. Àbúrò òun tó tẹ̀ lé òun gan-an, ẹni tí fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀ yìí, ló wa ọ̀kan nínú mẹ́fà yòókù. Ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín pápá, kò lè lọ, kò lè bọ̀. Nígbà tí bàbá gbọ́, ó gbé báàgì irinṣẹ́, ó sáré tẹ̀ lé wọn, kò sẹ́ni tó tún fojú kàn án mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó bọ́ ló wá sọ ọ́ fún òun kó tó kú, òun ò sì gbà á gbọ́ títí òun fi fojú ara òun rí ìwé náà.

"Orúkọ àbúrò mi ti wà lára ògiri yẹn," ìyá ní. "Mo ti sunkún ọkọ, mo ti sunkún àbúrò. Mi ò fẹ́ rí àwọn méjèèjì lójú kan náà kí n tó kú. Àmọ́ bàbá rẹ ni. Èyí tó bá tọ́ lójú rẹ ni kó o ṣe."

Ìyá fúnra rẹ̀ ló pe baba lórí fóònù pé kó gbé fáìlì náà jáde. Nígbà tí Ìyá Sítọ́ọ̀ débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fáìlì ti ń dúró dè é lórí tábìlì. Ojú tì í láti wo baba, ó sì fa ìwé ẹ̀sùn ya nínú àpò. Ó ṣí fáìlì. Ọjọ́ pé, ìfọwọ́sí pé, ọwọ́ tó kọ mẹ́sàn-án sì ti tẹ pẹ́ńsùlù mọ́lẹ̀ débi pé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Ìwé tó lè wẹ bàbá rẹ̀ mọ́ náà ni ìwé tó gbé àbúrò ìyá rẹ̀ lọ síbi ikú. Baba rọra bi í bóyá kí òun bá a ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Inú bí i sí bàbá rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe é, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n òkú kì í gbọ́ èébú, kì í sì í ka ògiri; ìyá rẹ̀ tó wà láyé ló máa rí orúkọ méjèèjì níbẹ̀. Ó ní kí baba máà ṣèyọnu.

Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwọn ológun àtijọ́ ló gbà lọ. Akọ̀wé wọn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, fún un ní àga, ó bi í bóyá ó rí ẹ̀rí náà.

"Mi ò rí i."

Akọ̀wé mí kanlẹ̀, ó fa ìlà kọjá lórí orúkọ bàbá rẹ̀. "Ẹ má bínú, ìyá. Wọ́n kúkú ti ń sọ ọ́ pé ńṣe ló sá."

Láti kékeré, kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yìí lójú rẹ̀ tí kò gba èsì.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n wí," ó ní, ó sì dìde.