Ẹgbẹ́ Méjì Tí Bàbá Mi Fi Sílẹ̀ fún Ìyá Mi

Ẹgbẹ́ méjì ni bàbá mi ń ṣe títí ó fi kú. Ọ̀kan ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan tó ń wọ aṣọ pupa nílùú òyìnbó. Èkejì ni ẹgbẹ́ òṣèlú tí alága rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa ń gbé ní òpópónà tó kángun sí tiwa n'Ígàndó. Mi ò rí i kó jókòó kó ro èyíkéyìí nínú méjèèjì wò rí. Bí èèyàn ṣe ń bá orúkọ ìdílé rẹ̀ nílẹ̀ ló ṣe bá wọn nílẹ̀.

Irin ilé ló ń tẹ̀, irin tí wọ́n ń dì pọ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Nígbà tó dé Ìkòtún láti wá kọ́ṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ti ń ṣe ẹgbẹ́ pupa, gbogbo ọmọṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá náà sì ń ṣe é. Ó máa ń sọ pé ohun tí òun kọ́kọ́ mọ̀ níbi iṣẹ́ ni bí wọ́n ṣe ń fi wáyà so irin, ohun tó tẹ̀ lé e ni orúkọ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀gá. Ti òṣèlú náà ò yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n bí mi, kò ní ẹbí kankan nítòsí. Ọkùnrin tó padà di alága yìí ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá síbi ìkómọ, tó jókòó níjòókòó ẹbí ọkọ, tó gbé mi lọ́wọ́ nígbà tí àfáà ń ṣàdúà. Láti ọjọ́ náà, bàbá mi ò dìbò fún ẹlòmíì mọ́.

Mo dàgbà tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè.

"Bàbá, kí ni ẹgbẹ́ yìí ṣe fún àdúgbò wa gan-an? Gbogbo ìgbà tí ìbò bá ti ń bọ̀ ni wọ́n ń ní àwọn á ṣe gọ́tà. Gọ́tà ọ̀hún dà?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo sọ̀rọ̀ àlùfànsá sí. "Ẹni tó bá ọ sọmọ lórúkọ, ṣé o máa jókòó máa bi í pé kí ló ṣe fún ọ?"

Ìwé tí mo kà ti gbé mi dé ọ́fíìsì nígbà náà, ó sì ti gbé mi dé ilé ọkọ n'Ípájà, ní òpópónà tó ní géètì, níbi tí a ti ń rẹ́ǹtì ilé láàárín àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiwa. Ní ọ́fíìsì wa, ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn bíi bàbá mi rọrùn láti parí. Wọ́n á ní ìrẹsì ni wọ́n fi ń ra ìbò wọn. Èmi tí mo mọ̀ pé ìrẹsì kankan ò wọlé wa rí, mo máa ń fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe bẹ̀rẹ̀? Àwọn náà kì í bi ara wọn léèrè ìdí tí gbogbo wọn fi ń dìbò síbi kan náà, tí wọ́n sì jọ ń ṣe ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó ń gba ife lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ọdún tí òjò pọ̀ gan-an, mo wá sùn lọ́dọ̀ àwọn òbí mi nítorí ọkọ mi rìnrìn àjò. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé ṣe mọ́, bàbá mi fẹ́ dìde lórí ẹní ìrun, apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kọ̀. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan. Ìyá mi figbe ta. Mo sáré síta láti wá kẹ̀kẹ́, omi ti gba gbogbo òpópónà, ó ti bo àtẹ̀gùn ilé wa. Kẹ̀kẹ́ kankan ò lè wọlé. Ojú títì tí ọkọ̀ wà jìnnà, bàbá mi sì sanra.

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tí bàbá mi ń lọ kò ju ilé mẹ́ta sí tiwa. Páànù ni wọ́n fi kọ́ ọ, bẹ́ńṣì pákó ló kún inú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́n omi síta nítorí bọ́ọ̀lù ọ̀sán. Wọ́n gbọ́ igbe ìyá mi. Kí n tó parí ohun tí mo ń sọ, wọ́n ti fa bẹ́ńṣì tó gùn jù níbẹ̀ jáde. Wọ́n tẹ́ bàbá mi lé e, ìyá mi fi ìborùn rẹ̀ dì í mọ́ ọn, wọ́n sì gbé e sókè lé orí.

Mi ò lè gbàgbé ohun tí mo rí. Omi mu wọn dé ìdí, ó mu àwọn kan dé àyà. Jẹ́sì pupa wà lọ́rùn àwọn tó wà níwájú. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọ búlúù, ẹgbẹ́ tí bàbá mi kò lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ kó má pòṣé. Wọn ò yàtọ̀ síra nínú omi yẹn. Bí ẹni iwájú bá ní "kòtò wà níbí o," ẹni ẹ̀yìn á ní "mo ti rí i." Ọ̀kan nínú àwọn tó wọ búlúù ò yéé bá bàbá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ ò gbọ́dọ̀ lọ o. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa na yín. Ta ni mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ tí ẹ ò bá sí níbẹ̀?"

Bàbá mi gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ìdajì ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé e dé títì, a dé ilé ìwòsàn, àwọn dókítà sì ṣe èyí tí agbára wọn ká. Ó lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀, Ọlọ́run gbà á.

Níbi àdúà fídáù, alága wá. Ó kó kánópì àti àga wá, ó jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sunkún, mo sì mọ̀ pé ẹkún rẹ̀ dénú. Ìyá mi kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ò sọ nǹkan kan nípa omi ọjọ́ náà.

Nígbà tí ìyá mi jáde opó, mo tún wá kí i ní Sátidé kan. Mo bá a tó ń tú àpótí. Ó yọ jẹ́sì pupa bàbá mi jáde, ó wọ̀ ọ́ lé bùbá rẹ̀ lórí, ó sì fi ìborùn borí.

"Màmá, níbo lẹ ń lọ?"

"Mò ń lọ wo bọ́ọ̀lù."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ìyá mi, aránṣọ, tí kì í jẹ́ kí a tan bọ́ọ̀lù nílé nítorí ariwo? Mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Nígbà tó wọlé, gbogbo ilé ìwòran yíjú wò ó. Mi ò rí obìnrin kankan níbẹ̀ àfi àwa méjèèjì. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ dìde.

"Ìyá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ṣé ẹ ń wá ẹnì kan ni?"

"Àyè ìjókòó ni mò ń wá."

Wọ́n sún fún un. Ó jókòó, ó wo tẹlifíṣọ̀n fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, àwọn wo ni tiwa?" Ẹni náà wọ pupa bíi tirẹ̀. Ó fọwọ́ hàn án. Ìyá mi mi orí. "Ó dáa. Ìhà ibo ni wọ́n ti fẹ́ kó bọ́ọ̀lù ọ̀hún wọlé?"

Ẹ̀rín bú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ìfẹ́ ni. Kí wọ́n tó dé ìsinmi, àwọn bíi mẹ́rin ti ń kọ́ ọ. Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè, tí wọ́n ní ọ́fúsáìdì ni, tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó ní, "Ẹni tó ti ṣíwájú lọ dúró de oúnjẹ kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀." Gbogbo wọn pariwo pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ọkùnrin tó wọ búlúù tó ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àgbàrá ọjọ́sí wá kúnlẹ̀ kí i. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣàdúà fún un, ó wá ní, "Ṣùgbọ́n mi ò ní gbàdúà fún àwọn èèyàn ẹ o."

Àṣà rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà náà. Ó di ẹni tí wọ́n ń dá àyè sílẹ̀ dè. Ẹgbẹ́ pupa kò kúkú ń ṣe dáadáa nígbà yẹn, wọ́n ń jìyà gan-an ni. Ìyá mi á pè mí lórí fóònù, á ní, "Wọ́n tún ti na àwọn ọmọ wa," bí ẹni tí wọ́n na ọmọ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́.

Ìbò wá dé. Alága wá sí ilé wa fúnra rẹ̀, ó gbé fìlà ẹgbẹ́ dání fún ìyá mi, irú èyí tí bàbá mi máa ń dé. Mo wà níbẹ̀, mo sì ń retí pé ìyá mi á gbà á. Ó fún un ní omi tútù. Ó béèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún ara rẹ̀ jókòó.

"Alága, ẹ bá wa sọmọ lórúkọ. Ẹ bá wa sìnkú. Mi ò ní ṣe aláìmoore láé. Ọkọ mi bá yín rìn títí ẹ̀mí fi bọ́ lára ẹ̀. Èmi ò ní bá yín lọ mọ́."

Alága gbé ife omi sílẹ̀. "Ìyáwó wa, ṣé àwọn ará ẹgbẹ́ kejì ti wá bá yín ni?"

"Ẹnikẹ́ni ò wá bá mi. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọkọ mi lórí bẹ́ńṣì, inú omi tí ẹ ní ẹ máa mú kúrò ni wọ́n gbé e gbà."

Ọkùnrin náà ò bínú. Ó fẹ́ fi ṣàwàdà. "Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù yín náà ń já yín kulẹ̀ lọ́dọọdún, mo ń gbọ́. Ẹ ò fi wọ́n sílẹ̀."

"Àwọn yẹn ò wá jókòó sí pálọ̀ mi wá ṣèlérí," ni ìyá mi wí. "Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, ojú mi ló ń ṣe. Mi ò sì tíì gbọ́ kí wọ́n pàdánù kí wọ́n tún wá ní kí n jáde wá jó."

Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ìdí tí èèyàn fi ń dìbò bí ó ṣe ń dìbò, ṣùgbọ́n níwájú mi báyìí ni obìnrin kan jókòó, tó jogún ẹgbẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tó gbé wọn yẹ̀ wò bí aṣọ òkú, tó mú ọ̀kan, tó sì ká ọ̀kan padà fún ẹni tó ni ín, láìfi ohùn líle kan sí i. Alága dìde. Ó mú fìlà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí ọkùnrin tí egungun ti ń dùn ún, ó ní, "Mo gbọ́, Ìyá." Títí di ọjọ́ náà, "ìyáwó wa" ló ń pè é.

Ọjọ́ ìbò, wọ́n ka ìwé ìdìbò níta gbangba, àwọn èèyàn òpópónà wa sì ń bá wọn kà á sókè. Ẹgbẹ́ alága borí ní wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ó pàdánù níbi ìdìbò tiwa, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Gọ́tà ò tíì délẹ̀ títí di òní. Àpò iyanrìn làwọn ará òpópónà tò síbẹ̀. Alága ṣì ń yà kí ìyá mi, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọ́n sì sábà máa ń sọ.

Láìpẹ́ yìí, ẹgbẹ́ pupa dé àṣekágbá ìdíje kan. Mo bẹ ìyá mi pé kó wá wò ó lọ́dọ̀ wa n'Ípájà, a ní tẹlifíṣọ̀n ńlá, a ní jẹnẹrétọ̀, àga wa sì rọ̀. Ó wá. Jẹ́sì pupa bàbá mi ló wọ̀ wá. Ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ṣì wà. Wọ́n gbá a títí, ẹgbẹ́ pupa gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí. Ìyá mi fò sókè, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Èmi àti ọkọ mi nìkan ló rí. A dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò tó o.

Ìgbà yẹn la gbọ́ igbe ayọ̀ láti ilé ẹ̀gbẹ́ wa. Òmíràn tún ta láti ìsàlẹ̀ òpópónà, òmíràn ní ọ̀kánkán, igbe lẹ́yìn ògiri, igbe lẹ́yìn ògiri.

"Ṣé àwọn èèyàn wa ń gbé níbí ni?" ìyá mi béèrè.

"Màmá, mi ò mọ̀ wọ́n. Kálukú ń ṣe tiẹ̀ ni."

Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn, ó ti wọ bàtà rẹ̀. Mo sá tẹ̀ lé e. Ó kan géètì ilé ẹ̀gbẹ́ wa, ilé tí mo ti ń kọjá lójoojúmọ́ láti ọdún tí a ti kó débẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti hewú yọjú, ó wọ ṣòkòtò péńpé, jẹ́sì pupa wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ti máa ń rí i nínú ọkọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú táì. Ó wo ìyá mi láti orí dé ẹsẹ̀.

"A kú oríire o!" ni ìyá mi kí i.

Ọkùnrin náà ṣí géètì gbayawu, ó sì ń pariwo sínú ilé pé kí ìyàwó òun jáde wá, kó wá wo àlejò.