P.A. Ta Ni Ìyàwó Ń Ṣe?

Ìkúnlẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ara fu mí. Ọmọ mi obìnrin, tí a bí sí Houston, tí kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí àfi tó bá ń wá bàtà lábẹ́ àga, ló wà lórí eékún méjèèjì ní pálọ̀ wa. Ìyá ọkọ mi jókòó síwájú ẹ̀, wọ́n ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn.

"Tó bá jẹ́ àárọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Ẹ kú iṣẹ́ mà."

"Tó bá wá jẹ́ ẹni tí o ò rí fún ìgbà pípẹ́?"

Ọmọ ronú díẹ̀. "Ẹ kú àtijọ́ mà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bí wọ́n ṣe gbójú sókè tí wọ́n rí mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí ọmọ dìde, kó lọ mu omi.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Gbogbo wa la máa ń ráhùn pé àwọn ọmọ wa ò gbọ́ Yorùbá, pé èdè tí wọ́n mọ̀ kò ju orúkọ oúnjẹ àti èébú lọ. Ṣùgbọ́n inú mi ò dùn rárá. Ní Gulfton tí à ń gbé, Spáníìṣì ni gbogbo àwọn aládùúgbò wa ń sọ. Ta ni ọmọ yìí fẹ́ kí pé ó kú àtijọ́? Àwọn tí kò rí láti ìgbà pípẹ́, ní Ìbàdàn ni wọ́n wà.

Ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀ ìsinmi mi nìyẹn. Ilé ìwé P.A. ni mo wà nígbà náà. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ á máa yẹ aláìsàn wò, á máa kọ oògùn fún wọn, á sì máa bá dókítà ṣiṣẹ́ pọ̀. Lẹ́yìn tí a ti kàwé tó, wọ́n pín wa sí kílíníìkì àti ọsibítù káàkiri kí a lọ fojú rí iṣẹ́. Dókítà kan ní apá Greenspoint ni wọ́n fi mí sí lọ́dọ̀. Kí oòrùn tó yọ ni mo ti máa ń wà lórí freeway. Nígbà tí mo bá fi máa délé, ọmọ ti jẹun, ó ti wẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ó ti sùn. Ọkọ mi jẹ́ ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ ìfọpo kan ní Deer Park, ṣífíìtì ló sì ń ṣe. Òun ló ní kí ìyá òun wá láti Ìbàdàn kí wọ́n bá wa tọ́jú ọmọ.

Mo fẹ́ràn dókítà mi, mi ò sì fi pa mọ́. Kò sọ́jọ́ tí mi ò ní sọ̀rọ̀ wọn nílé. Dókítà mi ní kí n tètè dé lọ́la. Dókítà mi ra oúnjẹ ọ̀sán fún mi. Dókítà mi ní kò sí irú mi nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ti kọ́ rí. Ọkọ mi náà mọ̀ wọ́n. Ọjọ́ tí bátìrì ọkọ̀ mi kú síwájú kílíníìkì, òun ló wá gbé mi, dókítà sì dúró tì í nínú oòrùn, wọ́n ń bá a wí, pé ṣé irú ọkọ̀ tó yẹ kó jẹ́ kí n máa wà nìyẹn. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń tẹrí ba.

Mo ti ṣèlérí fún ara mi pé lọ́sẹ̀ ìsinmi yẹn, mi ò ní ṣí ìwé kankan. Màá sùn, màá di irun ọmọ mi fúnra mi, màá se oúnjẹ tó lórúkọ. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo wá fi gbogbo ẹ̀ ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá ìyá ọkọ mi tí wọ́n ń fi òwú wọn ẹsẹ̀ ọmọ. Wọ́n ká òwú náà, wọ́n sì ti í bọ abẹ́ gèlè. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń fi òwú bẹ́ẹ̀ ṣe: wọ́n á fi ìwọ̀n ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ra bàtà sílẹ̀ dè ọ́. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ ẹ̀ ń dàgbà, mo kàn ń wò ó ni." Lọ́jọ́ kẹta, mo gbọ́ tí wọ́n ń bá àbúrò wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú yàrá. "Jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti orí fóònù. Tí a bá dé, wàá gbọ́."

Tí a bá dé. Mo mọ̀ pé oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ń padà sílé, ṣùgbọ́n àwọn nìkan ni wọ́n wá. Ta ló wá di "a"? Mo mọ ọmọ tí wọ́n gbé lọ sílé pé fún ìgbà díẹ̀ ni, tó jẹ́ pé ìgbà tó padà dé, ọwọ́ ló nà sí ìyá ẹ̀ kó bọ̀ ọ́ bí àlejò.

Ìyá ọkọ mi náà ń ṣọ́ mi. Àwọn ló máa ń gba aṣọ iṣẹ́ mi fún fífọ̀, mo sì ti ká wọn mọ́ ibi tí wọ́n ti ń gbé e sí imú kí wọ́n tó jù ú sínú ẹ̀rọ. Tí mo bá jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé, tí mo ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jíròrò iṣẹ́ lórí fóònù, màá rí kọ́tìnì yàrá wọn tó ń mì. Lọ́jọ́ kẹta yẹn kan náà, bí mo ṣe ń bó iṣu, wọ́n bi mí wẹ́rẹ́ pé, "Dókítà ẹ yìí, ṣé ó ní ìdílé?"

"Wọ́n ní, mà. Àmọ́ àwọn ọmọ wọn ti kúrò nílé. Dókítà mi ń dá gbé ni."

"Hùn," ni wọ́n wí. Wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ń bó iṣu náà lọ bí ẹni pé iṣu ló ṣẹ̀ wọ́n.

Mo dúró de ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó ti ń so okùn bàtà iṣẹ́ ẹ̀. Mo ní, "Mummy fẹ́ gbé ọmọ lọ sí Ìbàdàn, àbí?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ ni mo bi."

"Kò sí wàhálà, jàre. Sinmi. Ṣebí off lo wà?"

Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọkọ mi kì í purọ́, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ òtítọ́ kọjá. Mo wo ẹ̀yìn ẹ̀ títí ó fi wọ ọkọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mò ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mò ń po ẹ̀wà fún mọ́ínmọ́ín, ọwọ́ mi ti wọnú ẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ni fóònù mi dún lórí tábìlì. Mo ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́, kó máa sọ̀rọ̀ síta." Wọ́n ka “Dókítà mi” tó wà lójú fóònù, wọ́n wò mí, wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ tìkanratìkanra.

Ohùn arúgbó ló jáde, ohùn obìnrin tó ti mu sìgá nígbà èwe, tó ń fa ọ̀rọ̀ bí àwọn ará Texas ṣe ń fà á. Wọ́n ní kí n má gbàgbé láti tètè dé lọ́jọ́ Ajé, kí n sì gbé díẹ̀ wá fún àwọn nínú oúnjẹ tí mo bá ń sè. Mo dáhùn, mo dúpẹ́, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ò kúrò nídìí tábìlì. "Ta nìyẹn?"

"Dókítà mi ni, mà."

"Dókítà wo?"

"Èyí tí mo máa ń sọ. Ẹyọ kan náà ni."

"Obìnrin ni?"

"Obìnrin ni, mà. Wọ́n dàgbà jù yín lọ."

Wọ́n rọra jókòó. Mo rántí gbogbo "wọ́n" tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí. Yorùbá tí mò ń sọ dáadáa, tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbàlagbà, kò sọ ẹyọ kan pé ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

"Ìyàwó," ni wọ́n wí, "P.A. ta wá lò ń ṣe?"

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Nílé lọ́hùn-ún, ọ̀gá ló ń ní P.A. Òun ló ń gbé báàgì ọ̀gá, òun ló ń bá ọ̀gá rìnrìn àjò, òun náà ló ń gbé fóònù tí á sọ fún ìyàwó ọ̀gá pé ọ̀gá wà ní mítìǹgì. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ti ibí yàtọ̀, pé aláìsàn ni P.A. ń tọ́jú. Ẹ̀rín ń pa mí. Àwọn ò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá ọkọ ẹ ní P.A. nígbà tó wà ní sẹkitéríàtì," ni wọ́n wí. "Ìyá kékeré tó wà nílé wa, tí o kúnlẹ̀ kí lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ, òun ni. Ìṣojú ọkọ ẹ ni gbogbo ẹ̀ ṣe, ọmọ kékeré ni nígbà yẹn. Mo ní kí n tètè gbé ọmọ yìí kúrò kó tó fojú rí irú ẹ̀."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Àánú wọn ṣe mí dé ìdí ọkàn. "Ẹ ò ṣe bi mí, Mummy?"

"Ṣé obìnrin là á bi nírú ẹ̀? Ọkọ ẹ ni mo bi. Mo ní, ṣé ọkùnrin ni dókítà yìí? Ó ní kò sí wàhálà."

Mo yọ ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wà. Mo rí ọkọ mi lójú inú mi nínú oòrùn Greenspoint, tó ń tẹrí ba fún obìnrin arúgbó tó ń bá a wí nítorí bátìrì, mo sì sọ ọ́ fún Mummy.

Ìyá ẹ̀ ò tiẹ̀ jẹ́ kó bọ́ bàtà nígbà tó dé. "Ìwọ yìí, o mọ̀ pé obìnrin ni. O jẹ́ kí n máa gbóòórùn aṣọ ìyàwó ẹ bí ajá."

Ó wò mí, ó wo ìyá ẹ̀. Ó ní òun ò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, òun kàn fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa rò ó bẹ́ẹ̀ ni, torí láìsí ìyẹn, wọn ò ní gbà láti gbé ọmọ lọ. Ó ti rẹ òun. Tí ọmọ bá wà ní Ìbàdàn títí tí màá fi ṣetán, èmi á rójú kàwé, òun á rójú sùn.

Inú bí mi gan-an. "O ò ṣe sọ fún mi?"

Ó ní, "Nígbà wo? O ò sí nílé."

Ìyá ọkọ mi ní ọmọ ò lọ sí ibì kankan. Wọ́n ní àwọn á pe sílé láti sún ìrìn àjò àwọn síwájú, kí èmi sì lọ parí mọ́ínmọ́ín mi. Wọ́n yọ òwú lábẹ́ gèlè, wọ́n jù ú sí pàǹtí. Mo parí ẹ̀. A jẹ ẹ́, ó dùn. Títí dòní, tí ọkọ mi bá ti ní kò sí wàhálà, ojú ẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Lọ́jọ́ Ajé, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Aláìsàn pọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà lórí freeway, ṣùgbọ́n mo sáré, mo bá ọmọ lójúfò. Ó gbọ́ kọ́kọ́rọ́ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó fi ohun ìṣeré ẹ̀ sílẹ̀, ó wá síwájú mi, ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ bí ìyá àgbà ṣe kọ́ ọ, ó sì wá èyí tó bá mi mu nínú gbogbo ìkíni tó ti mọ̀.

"Ẹ kú àtijọ́ mà."

Ìyá ọkọ mi la ẹnu láti tún un ṣe, wọ́n tún pa á dé. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Mo gbé báàgì mi sílẹ̀, mo dá a lóhùn bí wọ́n ṣe ń dáhùn ẹ̀.

"O kú àtijọ́, ọmọ mi."