Ọjọ́ Tí Praimárì Fọ́ọ̀ Daṣẹ́ Sílẹ̀

Ẹ má jẹ̀ẹ́ n tàn yín, n kì í ṣe onísùúrù. Láyé Sáàpù, nígbà tí nǹkan le tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lé òṣìṣẹ́, tí mo ń kọ́ Praimárì Fọ́ọ̀ ní Ṣàngó-Ọ̀tà, díẹ̀ ló kù kí àwọn ọmọ yẹn sọ mí di wèrè. Mo lè kọ ìṣirò kún pátákó, kí n tó yíjú padà, ìdajì wọn ti sùn lọ. Àwọn tí kò sùn, ojú fèrèsé ni wọ́n ń wò, wọ́n ń retí fèrè ilé iṣẹ́ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Bó bá ti dún, gbogbo wọn á ta jí: "Ṣíífìtì àárọ̀ ti parí!"

Lọ́jọ́ kan, inú bí mi. Mo ní, "Ṣé ilé iṣẹ́ lẹ fẹ́? Ó dáa! Láti ọ̀la, ilé iṣẹ́ la wà níbí!" Ìbínú ni mo fi sọ ọ́ o, àmọ́ ṣe ni ojú wọn là kedere. Mo gé páálí, mo fi ṣe káàdì fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀, wọ́n á fi káàdì hàn kí wọ́n tó wọlé. Ìṣirò mẹ́wàá ni iṣẹ́ òòjọ́. Mo fi ọmọ kan ṣe súpáfáísọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan; òun á yẹ iṣẹ́ wò, èyí tí kò bá dáa, á ké "Ríjẹ́ẹ̀tì!", wọ́n á tún un ṣe. Yéè! Ẹ wá gbọ́ ariwo! Ọmọ tí kì í mú pẹ́ńsùlù jáde ń bá súpáfáísọ̀ jà pé iṣẹ́ òun kì í ṣe ríjẹ́ẹ̀tì. Orí mi wú! Mo ń fò sókè ju àwọn ọmọ lọ.

Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn kíláàsì tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Bàbá rẹ̀ ti Ọ̀ṣun wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan. Kò pẹ́ tí eré yìí bẹ̀rẹ̀ tí òun náà di súpáfáísọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń dé ojú títì. Àfi bó ṣe wá lọ́jọ́ kan tí ojú rẹ̀ fà ro. Gbogbo ìṣirò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó ṣe ló jẹ́ ríjẹ́ẹ̀tì. Èmi alásọjù, mo gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ohùn mánéjà sọ pé, "A ò nílò ẹ mọ́. Kó ẹrù ẹ, máa lọ sílé!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì, ó lọ. Kò wá lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kẹta, mo kọ ìṣirò, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù. Gbogbo wọn káwọ́ gbera. Ọmọbìnrin mìíràn dìde.

"Ántí, a ti daṣẹ́ sílẹ̀. Àfi tẹ́ ẹ bá pè é padà. Wọ́n lé bàbá rẹ̀ níbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàbá rẹ̀ ní bí ẹ ṣe lé òun náà nílé ìwé, kó kúkú lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ."

Mo ti na ọwọ́ sí pàṣán kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Háà, ẹnu mi yìí! Ojú tì mí gidigidi. Síbẹ̀, kí n má purọ́, inú mi ń dùn: àṣé àwọn olóorun wọ̀nyí lè bá mi jà báyìí!

Bí a ṣe jáde nílé ìwé, mo gba Ojú Ore lọ sílé wọn. Bàbá náà jókòó síwájú ilé nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ọ̀sán gangan. Ọmọ ń fọṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá náà, mo bẹ̀ ẹ́, mo wá na káàdì sí ọmọ.

"Àṣìṣe la ṣe. Jọ̀ọ́, padà wá síbi iṣẹ́ ẹ. A ò lè ṣe é láìsí ẹ."

Ọmọ náà wo ojú bàbá rẹ̀. Bàbá náà ló fèsì.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣó o gbọ́? Wọ́n ní kó o padà. Dìde."