Físà Ìfẹ̀yìntì: Ọjọ́ Tí Èmi àti Ìyá Kúdí Lọ sí Èkó

Bí a ti kírun àsùbáà tán, a kò dúró ká ẹní. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni èmi àti Ìyá Kúdí gbà jáde, torí pé iwájú ilé kò ṣeé gbà. Bí ẹni mẹ́ta bá kí ọ láàárọ̀ ní Bẹyẹrúnká, àdúgbò wa n'Ìbàdàn, méjì yóò béèrè ibi tí ò ń lọ, ẹnìkẹta yóò sì ti mọ̀. Ràímì àbúrò mi nìkan ni a sọ fún. Òun àti Múnírù àbúrò wa ni wọ́n ń bá wa gbé nínú ilé bàbá wa. Wọ́n ní àgbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ní tiwa, méjèèjì ni.

Ohun tí à ń lé ni físà àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Kúdírátù, ọmọ wa, ń gbé ní ìlú òyìnbó kan tí wọ́n ti ń gba arúgbó láàyè láti wá máa gbé, bó bá ti lè bọ́ ara rẹ̀, tí kò sì ní wá iṣẹ́ ṣe lọ́dọ̀ wọn. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo sì ní ìsọ̀ tí mo fi háyà ní Bẹẹrẹ. Ara ìwé tèmi ni wọ́n so ti ìyàwó mi mọ́. Ohun tó ń lé wa ni ẹ̀rù pé kí wọ́n má lọ fún ẹnì kan kí wọ́n má fún ẹnì kejì.

Takisí Míkírà kan gbé wa ní Bẹẹrẹ, ó gba Mọ́lété kọjá. Ní gáréèjì, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ni wọ́n ń gbé ẹnì kọ̀ọ̀kan dé Èkó. Ọ̀nà dára títí a fi kọjá Ògèrè, lẹ́yìn náà ni àwọn ọkọ̀ àjàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa mọ́ ẹ̀gbẹ́. Dírẹ́bà wò mí, ó wo ìyàwó mi nínú dígí.

"Bàbá, ẹ múra bí ẹni tó ń lọ ilé ẹjọ́. Àbí físà ni?"

Mo ní físà ni.

"Mo gbé tọkọtaya kan lọ lọ́jọ́ kan. Ọkọ rí i gbà, ìyàwó ò rí i."

Ìyá Kúdí tó ti ń tẹ tẹ̀sùbáà lẹ́yìn láti ìgbà tí a ti kúrò nílé béèrè pé, "Kí wá ni ọkọ ṣe?"

"Ó lọ, màmá. Kí ni ẹ rò pé ó máa ṣe?"

Ìyá Kúdí padà sídìí tẹ̀sùbáà rẹ̀ títí a fi dé Bẹ́gà, ẹnu àtiwọ Èkó.

Ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì físà tí à ń lọ, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn mú fóònù wọlé. Obìnrin kan tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ló ń bá èèyàn tọ́jú rẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nílé, bí irú mi bá dé àwùjọ, ọmọdé á dìde fún un. Níbí, àga kì í ṣe ti àgbà, nọ́ńbà tí wọ́n fún ọ ni o fi ń jókòó. Inú ilé náà tutù débi pé ìyàwó mi fi gèlè bo èjìká. 

Intafíù ni wọ́n ń pe ohun tí a lọ ṣe, ìyẹn ni pé wọ́n á máa bi ọ́ ní ohun tí o ti kọ sínú ìwé bóyá o ti gbàgbé. Gẹ̀ẹ́sì ni òyìnbóbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ń sọ, Ìyá Kúdí náà sì gbọ́ ọ; èmi ni mo yí i sí Yorùbá fún ẹ̀yin tó ń kà á. Èmi ló kọ́kọ́ bi ní orúkọ àwọn tó ń bá mi gbé. Mo dárúkọ ìyàwó mi, mo dárúkọ Ràímì àti Múnírù. Ó ní kí n padà sẹ́yìn, ó wá pe Ìyá Kúdí.

"Kí ni orúkọ ọkọ yín?"

"Bàbá Kúdí."

"Orúkọ rẹ̀ gan-an ni mò ń béèrè."

 Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ìyàwó ilé kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, kì í sì í pe ẹni tó bá nílé. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò gbọ́ Lásísì, orúkọ mi, lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ìyàwó mi ní, "Ó wà nínú ìwé, ẹ wò ó."

"Àwọn wo ló ń bá yín gbé?"

"Bàbá Kúdí, àti àwọn ọkọ mi méjì."

Òyìnbó gbójú sókè. "Ọkọ yín méjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Akọ̀wé àti Eyínfúnjowó."

 Ràímì ni Akọ̀wé, Múnírù ni Eyínfúnjowó. Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ fún wọn nígbà tó wọlé ọkọ nìyẹn. Kò sí irọ́ kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò bá tèmi mu rárá. Mo dìde, ẹ̀ṣọ́ ní kí n jókòó.

Nígbà tí òyìnbó pè mí, mo ṣàlàyé pé lọ́dọ̀ wa, àbúrò ọkọ náà ọkọ ni. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tiyín kò ní wàhálà. Ti ìyàwó yín, a ní láti tún un yẹ̀ wò, mi ò sì mọ bí yóò ṣe yọrí. Ṣé kí tiyín máa lọ, àbí kí méjèèjì dúró?"

 Mo ń rò ó pé bí tèmi bá dúró, ó lè bá tirẹ̀ bàjẹ́. Mo ń rò ó pé mo ti dàgbà, pé mo fẹ́ rí ọmọ mi. Òyìnbó tún un bi mí. Ìyá Kúdí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ilẹ̀.

"Kí méjèèjì dúró," ni mo wí níkẹyìn.

A kò jẹun ní Èkó. Owó abọ́ ìrẹsì kan tí mo béèrè lè bọ́ ilé wa lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Ìbàdàn, ìyàwó mi yíjú sí mi.

"Ó pẹ́ kí ẹ tó dáhùn."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo mọ̀."

 Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí.

Ìrọ̀lẹ́ ni a dé Ọjà'ba, a sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé. Ràímì ti ń dúró níwájú ilé, àwọn ará ilé sì ti pé yí i ká. Àṣírí wa ò kúkú pẹ́ dé ọ̀sán.

"Ṣé wọ́n fún yín?"

Kí n tó la ẹnu, Ìyá Kúdí ti dá a lóhùn. "Ọkọ mi, wọ́n fún ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ̀gbọ́n yín ló ní àwọn ò lọ síbì kan láìsí èmi. Wọn ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì."

Gbogbo wọn kí mi kú iṣẹ́. Wọ́n ní ọkọ gidi ni mí. Mo fi orí dá wọn lóhùn, mo wọlé lọ bọ́ bàtà.

Mo ti rò pé ìbéèrè òyìnbó ni n óò máa bẹ̀rù. Ìrìn àjò náà kọ́ mi pé mo lè fi ìyàwó mi sílẹ̀. Èmi mọ̀, òun náà mọ̀, ó sì ti sọ mí di ẹlòmíràn níwájú gbogbo ilé. Àwọn òyìnbó kò tíì ránṣẹ́ pè wá. Bí fóònù bá ti dún, àyà mi á là gààrà, torí wọ́n lè tún bi mí ní ìbéèrè yẹn, èmi kò sì tíì di ọkùnrin tí Ìyá Kúdí ròyìn.