Wáyà Tó Dé Lọ́jọ́ Tí Wéèsì Gbá Bọ́ọ̀lù

Ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Ajah kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní ọmọ Ìńgíláǹdì. Ará Wéèsì ni, ilẹ̀ kékeré tó bá Ìńgíláǹdì pààlà. Bí o bá ṣì í pè, á rọra tún un ṣe fún ọ, kò ní bínú, ṣùgbọ́n kò ní gbójú fò ó. Ẹnjiníà ni, ó wà lára àwọn tó ń la títì láti Èkó lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí ọdún 1980 ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Èmi ni akọ̀wé ní àgọ́ wọn. Èmi ni mò ń tẹ lẹ́tà, èmi ni mò ń ṣí ìwé tó bá wọlé, mo sì máa ń gbéra ga nítorí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo gbà pé kò sí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ tí n kò lè túmọ̀.

Ohun tí ọ̀gá yìí fẹ́ràn ju iṣẹ́ lọ ni rọ́gíbì. Bọ́ọ̀lù ni, àmọ́ ó gùn bí ìbẹ́pẹ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, tí àwọn ọkùnrin gìrìpá á sì máa ya lu ara wọn mọ́lẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo bi í pé ṣé kò sí àgbàlagbà nílùú wọn tó lè là wọ́n ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ Wéèsì bá fẹ́ gbá, lọ́sàn-án Sátidé ni. Jẹnẹrétọ̀ àgọ́ kì í jẹ́ kí rédíò gbọ́ ohùn dáadáa, nítorí náà á wakọ̀ lọ sí etíkun Eleko, á so okùn bàbà rédíò rẹ̀ mọ́ igi àgbọn kó lè mú ohùn dáadáa, á tẹ́tí. Èmi àti Bàbá Fọ́máànù la máa ń bá a lọ. Ọmọ onílẹ̀ ní Ajah ni Bàbá Fọ́máànù, Mùsùlùmí tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, òun sì ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń gbé ọ̀rọ̀ tó bá wúwo lọ bá. A ó jókòó sórí ọkọ̀ apẹja tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ọ̀gá á máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sínú ìwé kékeré kan.

Bàbá rẹ̀ ló ń kọ ọ́ fún. Inú kòtò èédú ni bàbá yẹn ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun ló sì kọ́kọ́ mú un lọ wo rọ́gíbì nígbà tó ṣì kéré. Wákàtí kan náà ni àwọn méjèèjì máa ń gbọ́ rédíò, ọ̀kan nílé, ọ̀kan ní Eleko, wọn á sì kọ lẹ́tà síra wọn lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá máa ń fún mi ní lẹ́tà bàbá náà kà. Kì í béèrè àlàáfíà; bọ́ọ̀lù ló fi ń bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù ló fi ń parí. Mo kọ́kọ́ rò pé wọn kò fẹ́ràn ara wọn. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn.

Láàárọ̀ Sátidé kan tí Wéèsì fẹ́ bá àwọn ará Áílándì gbá, dírẹ́bà wa mú wáyà bọ̀ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ l'Ékòó. Wáyà ni ìwé pélébé tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ kánjúkánjú nígbà tí tẹlifóònù kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Mo rò pé ti iṣẹ́ ni, mo ṣí i. Àbúrò ọ̀gá lóbìnrin ló tẹ̀ ẹ́: "Bàbá ń ṣàìsàn gan-an. Máa bọ̀ kíákíá."

Mo jókòó. Irú wáyà yẹn gan-an ni wọ́n tẹ̀ sí mi nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀ n'Íbàdàn. Mo ra ọsàn àti mílíìkì dání fún bàbá mi tó ń ṣàìsàn. Nígbà tí mo wọ àgbàlá wa, wọ́n ti sin ín. Ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́n. Ta ló ń tẹ wáyà òkú sí ọmọ olóòkú? Àìsàn là ń kọ, kó lè rin ìrìn àjò náà délé, kí àwọn àgbà lè jókòó tì í kí wọ́n tó túfọ̀.

Mo mú un tọ Bàbá Fọ́máànù lọ, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Ìnnà lìlláhì. Bàbá ti lọ nìyẹn."

"Ṣé kí n lọ fún ọ̀gá báyìí, Bàbá?"

"Fún wọn kẹ̀? Níkùn òfìfo? Ẹyin lọ̀rọ̀, ọmọ mi, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó. Jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́ bọ́ọ̀lù wọn tán. Tó bá di mọ́níńgì ọ̀la, èmi àti àwọn àgbà méjì á wá bá wọn. Ìwọ ṣáà má jẹ́ kó hàn lójú ẹ."

Ọkọ̀ òfuurufú kan ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo mọ̀, nítorí èmi ni mò ń bá àwọn ọ̀gá àgọ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí òmíràn tó gbéra. Mo rò ó, mo ní ẹni tó ti kú, kí ni ìkánjú fẹ́ ṣe fún un? Mo ká wáyà náà sínú báàgì mi, mo bá wọn lọ sí Eleko.

Wéèsì ń borí. Bí ọmọ wọn bá ti gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà, ọ̀gá á nàka sí wa: "Bàbá mi ti dìde lórí àga báyìí." Bàbá Fọ́máànù á mi orí. Èmi ń bu ìrẹsì fún ọ̀gá, mò ń ní kó jẹun dáadáa, kó má ṣẹ́ ẹran kù. Ó ní kí ló dé tí mò ń ṣe bí ìyá òun. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, mo sì tún ń yin ara mi nínú pé oore ni mò ń ṣe é. Wéèsì ló borí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì fa ìlà sí i nídìí.

Láàárọ̀ Àìkú, àwọn àgbà mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá rẹ̀. Wọ́n kí i, wọ́n tún un kí. Wọ́n ní ayé lọjà, ọ̀run nilé, kò sí ẹni tí kò ní lọ. Èmi ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló kú?"

Mo mú wáyà náà jáde. Ó kà á, ó tún un kà.

"Àìsàn ni wọ́n kọ síbí."

"Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn, ọ̀gá."

"Àwọn wo?"

Mo yíjú sí Bàbá Fọ́máànù. Ọ̀gá tún wo wáyà náà.

"Ìgbà wo ló dé?"

"Àná. Láàárọ̀."

Ì bá pariwo mọ́ mi, ì bá sàn. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó lọ wá tẹlifóònù l'Ékòó, ọjọ́ Ajé ló sì tó rí àwọn ará ilé rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ wà láàyè ní Sátidé. Wọ́n gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó gbọ́ bọ́ọ̀lù náà tán, ó sì ń bi wọ́n léraléra bóyá ọmọ òun ti wọkọ̀. Ìrọ̀lẹ́ Àìkú ló kú. Ká ní mo fún ọ̀gá ní wáyà náà nígbà tó dé, ì bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó tó kú. Èmi ni mo gba ìyẹn lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, n kò sì tíì dárí ji ara mi.

Kó tó lọ sìnkú, Bàbá Fọ́máànù dọ̀bálẹ̀ fún un, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀gá gbé e dìde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo àgọ́ ti ń retí pé á lé mi, kò lé mi. Ó kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́:

"Nílùú tiyín, bí bàbá ẹnì kan bá ń ṣàìsàn ní ti gidi, tí kò tíì kú, tó ń retí ọmọ rẹ̀, kí ni ẹ máa ń kọ?"

Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí tápíráítà. Mo ronú, mo ronú. A kò ní èyí tí à ń kọ fún ẹni tó ṣì wà láàyè.